‘Bẹ́ẹ̀ Ni’ Kì Í Ṣe Y

Mo rántí ìgbà tí mo lè tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá láì wo ọwọ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo gbólóhùn yẹn. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí láti tẹ ọ̀rọ̀ kékeré bíi ‘ọkọ̀’, tó kọ́kọ́ wá o kiri, tó wá àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó tún ń wá àmì ohùn tí yóò gbé lé ìkejì lórí, títí tó fi gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ tẹ̀ gan-an, onítọ̀hún mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá fún ìyà yìí. Wọn a tẹ ọ̀rọ̀ lásán láìsí àmì kankan, wọn a sì ní kí ẹni tó ń kà á máa méfò lọ. Èmi kò sá. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn kò lè fi agídí borí. Agídí yẹn ló kó gbogbo ìbínú tí ẹ fẹ́ kà yìí bá mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè fún oyè kejì, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Àtìkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àràárọ̀ ni mò ń wọkọ̀ lọ sí Àgọ́. Yàrá kọ̀ǹpútà kan wà ní ẹ̀ka wa. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, ni gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń lò, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ràn rẹ̀ ní pàtó, ọ̀fẹ́ ló jẹ́. Mo mú ọ̀kan nínú wọn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì fi odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan kọ́ ọ ní Yorùbá. Bó ṣe rí nìyí: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò tó wà nínú Linux ló ní fáìlì kékeré kan tí ènìyàn lè ṣí, kó kọ ìfẹ́ inú rẹ̀ síbẹ̀ pé báyìí ni kí o máa ṣe, báyìí ni kí o má ṣe. Ètò tó ń tẹ́tí sí kíbọọ̀dù náà ní tirẹ̀. Inú fáìlì yẹn ni mo kó wọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo bá tẹ bọ́tìnnì báyìí pọ̀ mọ́ báyìí, ọ̀ ni kó jáde lódidi, tòun ti àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe ti ẹ, mo ṣe ti ṣ, mo ṣe ti ń àti ǹ tí gbogbo ayé máa ń gbàgbé. Bí mo bá ṣi ìlà kan kọ, kíbọọ̀dù a ya odi, n óò sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mò ń tẹ Yorùbá bí ẹni ń sọ ọ́. Mo gbéra ga díẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá dúró lẹ́yìn mi, n óò máa wo ìta láti ojú fèrèsé bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kí wọ́n lè rí i pé n kò wo ọwọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ọrùn ń dùn mí ni.

Àmọ́ kì í ṣe nítorí àṣehàn ni mo ṣe ṣe é. Màmá ló fà á. Màmá ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ìhà Ògùn Wọ́tásáìdì, níbi tó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ àwọn ọmọ, ó sì jẹ́ ìyá àdúrà nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Àtìkòrí. Orin ti máa ń wá sí i lẹ́nu láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Ó ní Ẹ̀mí ló ń fún òun. Gbogbo ìjọ mọ àwọn orin náà lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ wọ́n sílẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tó bá a nínú ọkọ̀ ojú omi, lọ́jọ́ tí ìjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wọ́n sómi: ‘Ọkọ̀ mi kò ní rì, Ẹni tó ni omi ń bẹ nínú rẹ̀.’ Ohun tí Màmá ń fẹ́ ni kí gbogbo orin yìí di ìwé pẹlẹbẹ kan, kí òun dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè, kí òun sì fi ojú ara òun kà á.

Ojú ara rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀, torí pé ojú náà ń lọ. Àrùn tó máa ń jí ìríran kó láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín ló mú un, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kò sì tàn wá. Ó ní, ‘Màmá, èyí tó ti lọ ti lọ, kò ní padà. Èyí tó kù la fẹ́ dì mú, a ò sì mọ bó ṣe máa pẹ́ tó.’ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi gbólóhùn dókítà yìí sọ́kàn. Ẹlòmíràn ṣì máa sọ irú rẹ̀ láìpẹ́, ibẹ̀ sì ni ìjà mi wà.

Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ni pé Màmá a kọrin nírọ̀lẹ́, èmi a gbà á sínú fóònù mi, bí ilẹ̀ bá mọ́, n óò lọ tẹ̀ ẹ́ ní Àgọ́, n óò sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà ní lẹ́tà gàdàgbà. Màmá a gbé bébà náà sún mọ́ imú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, tòun ti bírò pupa lọ́wọ́. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì tán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú orin kan wá, kíbọọ̀dù mi kò tíì gún régé, mo sì rò pé kò ní kíyè sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. Ó kà á sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i gan-an, ‘Oko mi ko ni ri,’ ló bá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

‘Ọkọ mi kẹ̀? Ọkọ mi ti lọ tipẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àbí oko? Ta ló rí ibi tí oko ti ń rì rí? Ọkọ̀! Ọkọ̀ ni mo kọ, ìwọ ọmọ yìí. Àmì ohùn dà?’

Àmì ohùn dà? Ìbéèrè yẹn ló fi dẹ́rù ba gbogbo ọmọ tó kọ́ ní ìwé. Ní ọjọ́ mìíràn, mo tẹ ‘ilé ayọ̀’ níbi tí òun ti kọ ‘ulé ayọ̀’ bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń pè é. Ó fa ìlà pupa sí i nídìí, ó ní, ‘Ta ló rán ẹ pé kí o kó ẹrù mi kúrò ní ulé mi lọ sí ilé onílé?’ Mo dá a padà sí ulé. Láti ìgbà náà, n kò tún mú ohun tí kò pé wá fún un mọ́. Ìwé náà ti kọjá ìdajì, ìkórè sì ń bọ̀ lọ́nà.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bàjẹ́, ilé ìwòsàn ni a wà. Wọ́n ti kán oògùn sí Màmá lójú, ó jókòó tì mí, ó di ojú méjèèjì, ó sì di ọwọ́ mi mú. Fóònù mi dún. Ọ̀gá tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa ló pè. Ọmọ Ìlápòrú, ìlú Ìjẹ̀bú kan nítòsí Àgọ́, ni ọkùnrin náà, ibẹ̀ ló dàgbà sí, mo sì sọ èyí nítorí kí ẹnì kankan má baà rò pé àjèjì ni sí èdè wa. Ó ń ṣe àpúdéètì sí gbogbo kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni pé ó ń gbé ètò tuntun wọlé dípò ti àtijọ́. Bí Linux bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó dé ibi fáìlì kan tí ènìyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún kọ, àwọn tó ṣe é ní ẹ̀kọ́ ilé tó láti mú kó dúró béèrè. Yóò kọ ọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan ti yí fáìlì yìí padà, ṣé kí n gbé tuntun sí i ni, àbí kí n fi tẹni náà sílẹ̀? Bí o bá fẹ́ tuntun, tẹ Y. Bí o bá fẹ́ kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀, tẹ N. Bí o kò bá tẹ lẹ́tà kankan, tó jẹ́ bọ́tìnnì ìwọlé, ìyẹn Enter, nìkan lo tẹ̀, yóò fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ká ní ọ̀lẹ ni Ọ̀gá wa, ọ̀lẹ rẹ̀ ìbá gbà mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó pè mí.

‘Ìwọ lo ń lo kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, àbí?’

‘Èmi ni, sà.’

‘Mò ń ṣe àpúdéètì. Ó ní ẹnì kan ti fọwọ́ kan fáìlì kíbọọ̀dù. O ò fẹ́ kí n yí i padà, àbí?’

‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà.’

‘Ó dá ẹ lójú?’

‘Ó dá mi lójú dáadáa, sà. Ẹ ṣeun gan-an ni, sà.’

Mo tún dúpẹ́! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ọpẹ́ tí mo dú ló ń ta mí lára jù títí di òní. Mo tiẹ̀ yíjú sí Màmá, mo ní, ‘Ọ̀gá wa yìí mà dáa o. Ó pè mí kó tó fọwọ́ kan nǹkan mi.’ Màmá, tó ṣì di ojú, ní kí Ọlọ́run bùkún un.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, mo kọjú sí fèrèsé bí ìṣe mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin tó kàn. Nígbà tí mo padà wo ojú kọ̀ǹpútà, ohun tó wà níbẹ̀ kò jọ èdè kankan lábẹ́ ọ̀run. Ibi tó yẹ kí ọ̀ wà, àmì ìbéèrè ló wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ́ wà, ìlà gbọọrọ kan ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo rò pé eruku ni. Mo gbọn kíbọọ̀dù náà, mo gbé e dojú dé, mo lọ yá ti ẹlòmíràn, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tan án. Àyà mi ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọwọ́ mi tó gbà. Nígbà tí mo wá ṣí fáìlì mi, ó mọ́ tónítóní bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Gbogbo ìlà tí mo fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ, kò sí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ ló wà níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe lè tún fáìlì náà kọ bó bá wù mí.

Mo lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì rẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka wa, obìnrin kan tí kì í pa ẹ̀rín mọ́ra, jókòó ní tábìlì kejì. Mo kí wọn. Mo ti pinnu pé n kò ní pariwo.

‘Ọ̀gá, mo ní kí ẹ má yí fáìlì mi padà.’

‘Nígbà wo? Mo bi ẹ́, o ní bẹ́ẹ̀ ni.’

‘Ẹ ní, “O ò fẹ́ kí n yí i padà, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, n kò fẹ́.’

‘Tí o ò bá fẹ́, rárá ló yẹ kí o sọ.’

‘Bí mo bá ní rárá, á jẹ́ pé mo fẹ́ nìyẹn, sà.’

‘Nínú èdè wo?’

‘Nínú Yorùbá tí àwa méjèèjì ń sọ lọ́wọ́ yìí.’

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. ‘Ọ̀rẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni, yẹ́ẹ̀sì ni. Yẹ́ẹ̀sì, Y ni. Mo sì tẹ Y. Kí lo tún fẹ́ kí n tẹ̀?’

‘Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá délé lónìí, tí ìyàwó yín bi yín pé, “Ẹ ò tíì jẹun, àbí?”, tí ẹ̀yin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé yóò palẹ̀ abọ́ mọ́ ni?’

‘Á jẹ́ pé ebi lẹ máa gbé sùn o, Ọ̀gá!’ Akọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi fáìlì bo ẹnu rẹ̀.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́yà ló yẹ kí n lọ kọ́, pé kí ni mò ń fi èdè ṣe. Mo rí i pé n kò ní jàre níbẹ̀. Mo bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun kan ṣoṣo tó jẹ mí lógún.

‘Kò wá sí bí a ṣe lè rí i gbà padà, sà?’

‘Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti lọ. Ohun tó bá ti lọ nínú kọ̀ǹpútà kì í padà. Jókòó, kí o ṣe òmíràn.’

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti dáhùn. Mo fi ‘kò sí’ bi í léèrè, ó sì ní ‘bẹ́ẹ̀ ni’, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé mi kedere pé kò sí. Kò sọ pé ‘rárá’. Kò ronú nípa Y. Ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ ẹnu Ìlápòrú ló fi dá mi lóhùn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe dá òun náà lóhùn ní ilé ìwòsàn. Mo padà sẹ́yìn láti sọ fún un. Ó ti gbé fóònù sétí, ó fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún mi.

Ẹ lè bi mí pé ṣé n kò ní ẹ̀dà fáìlì náà ni. Mo ní fíláṣì kan tí mo so mọ́ kọ́kọ́rọ́ mi, gbogbo orin tí mo ti tẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Fáìlì kíbọọ̀dù ni kò sí níbẹ̀. Lójú mi nígbà náà, orin ni iṣẹ́, kíbọọ̀dù kàn dà bí àga tí mo jókòó lé ni. Ta ló ń gbé àga sínú àpò rìn?

Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ràn láti máa rántí. Àwọn orin tó kù kò ṣeé tẹ̀ àfi kí n máa lọ ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti inú àtẹ kan, kí n fi máòsì tọ́ka sí i, kí n gbé e, kí n padà wá gbé e sílẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹ̀mú mú ẹ̀wà sínú ìkòkò. Tí mo bá gbìyànjú láti tún fáìlì náà kọ, mo máa ń dé ibì kan tí n kò rántí bí mo ṣe gbà kọjá níbẹ̀. Ti ń ló yọ mí lẹ́nu jù. Mo mọ̀ pé mo ti rí ojútùú rẹ̀ rí, pé ìlà kúkúrú kan ni, pé inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i. Mo rántí ìdùnnú náà. N kò rántí ìlà náà. Iná ń lọ, epo ń tán nínú ẹ̀rọ amúnáwá ẹ̀ka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn náà fẹ́ lo kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, Màmá a ní, ‘Ìwé dà?’ N óò ní ó kù díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń bi mí láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, mo rí i pé kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò tún ṣe òun láǹfààní tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìkórè dé, ìwé kò tíì parí. Màmá dúró níwájú ìjọ nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ‘Ọkọ̀ mi kò ní rì’ láti orí, gbogbo ìjọ sì gbè é. Wọ́n ní ó dùn. Ó dùn lóòótọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ti tún ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ ṣe níwájú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó gbé ìwé lọ́wọ́.

Nígbà tí ìwé pẹlẹbẹ náà jáde lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ bá a nínú yàrá. Ó gbà á, ó gbóòórùn yíǹkì rẹ̀, ó ṣí i, ó gbé e sún mọ́ imú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó pa á dé. Ó ní, ‘Àmì ohùn wà níbẹ̀?’ Mo ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, ‘Fi ìka mi sórí ọkọ̀.’ Mo ṣí ojú ewé náà, mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé orí àmì náà. Orí bébà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, kò sí ohun tí ìka lè mọ̀ níbẹ̀. Ó fi ìka náà pa á síwá sẹ́yìn. Ó ní, ‘Ó dáa. O gbà á.’ Bí tíṣà ṣe ń sọ fún ọmọ tó bá gba iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, ǹ bá ti gbà fún Ọlọ́run, ǹ bá sì ti dárí ji Ọ̀gá. Àṣìgbọ́ ni, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń palẹ̀ láti kúrò ní Àgọ́ lẹ́yìn tí mo gba oyè mi, mo ń wá ohun mìíràn nínú àpò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn fáìlì ètò wọ̀nyẹn wà, mo sì rí fáìlì kíbọọ̀dù. Tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ láti ṣí i tààrà, n kì í wo inú àpò náà. Ní abẹ́ rẹ̀ gan-an, òmíràn tún wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, àmọ́ wọ́n fi ìrù kékeré kan so mọ́ ọn tó sọ pé èyí àtijọ́ nìyí. Mo ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti ọ̀, ti ẹ́, ti ṣ. Ìlà kúkúrú ti ń náà wà níbẹ̀, mo sì rí i pé kò le rárá. Ìlà tí mo fi dẹ́rìn-ín pa ara mi ló wà lókè pátápátá, tí mo kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀: ‘Àmì ohùn dà?’

Linux kì í ju nǹkan ẹni nù bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ Y, yóò gbé tuntun síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò rọra gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bóyá onítọ̀hún lè yí ọkàn padà. Láti ọjọ́ tí a wà ní ilé ìwòsàn ni fáìlì mi ti wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń fi máòsì ṣa lẹ́tà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ká ní Ọ̀gá wo àpò yẹn lẹ́ẹ̀kan, kì bá tí pẹ́ tó kí ènìyàn pọn omi mu, ǹ bá ti padà sídìí iṣẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, òótọ́ ló sọ, ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó sọ ọ́. Ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ kan náà láì dìde lórí àga. Àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú, èmi sì gba àwọn méjèèjì gbọ́ lọ́gbọọgba. Mo lọ fi han Ọ̀gá. Ó wò ó, ó ní, ‘Háà, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?’ Ó tún ní inú òun dùn pé mo rí i. Inú rẹ̀ dùn!

Èmi náà ti di ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. N kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ‘kò’, ‘kì í’ tàbí ‘àbí’ béèrè ọ̀rọ̀ lórí fáìlì ẹlòmíràn nínú yàrá mi. Ohun tí a ń sọ ni pé, ‘Ṣé kí n fi tìrẹ sílẹ̀ ni, tàbí kí n gbé tuntun sí i?’ Ẹni tí a bi kò sì gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Kó sọ ọ́ délẹ̀: ‘Ẹ fi tèmi sílẹ̀.’ Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi sọ mí lórúkọ, Ọ̀gá Sọ-ọ́-délẹ̀ ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo gbọ́. Kò bí mi nínú. Ìbínú mi ní ibi tó ń lọ.

Mo wà ní Àtìkòrí láìpẹ́ yìí, mò ń ṣe àpúdéètì sí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi nínú pálọ̀. Màmá jókòó tì mí, ìwé pẹlẹbẹ náà wà lórí itan rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Kọ̀ǹpútà dé ibi fáìlì kan, ó dúró, ó sì gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn, mò ń kà á láti òkè délẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Màmá kò gbọ́ ìró bọ́tìnnì mọ́.

‘Kí ló tún ń bi ẹ́?’

‘Ó ní ṣé kí òun fi tèmi sílẹ̀ ni, àbí kí òun gbé tuntun sí i.’

‘Ẹni tó ti ń bi ẹ́ látọjọ́ yìí wá, kò tíì mọ ohun tí o fẹ́?’

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè, mo rí i pé oòrùn ti ń wọ̀, abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún un ṣì wà lórí tábìlì pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀.

‘Màmá, ẹ ò tíì jẹun?’

‘Bẹ́ẹ̀ ni.’

Mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ tòun ti ìbéèrè rẹ̀, mo gbé abọ́ náà lọ sí ilé ìdáná, mo gbé e kaná, mo sì padà wá fi ṣíbí sí i lọ́wọ́.